Iyì Káàdì Bésíbọ́ọ̀lù Àtijọ́

Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọdé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1952 mu. Ní ìgbà náà, sẹ́ǹtì kan péré ni ọmọdé lè fi ra ṣingọ́ọ̀mù ní ìsọ̀ ẹ̀bá ilé wọn, páálí pẹlẹbẹ kan tí àwòrán eléré ìdárayá wà lára rẹ̀ a sì máa bá ṣingọ́ọ̀mù náà wá gẹ́gẹ́ bí èènì. Bí wọ́n bá ti jẹ ṣingọ́ọ̀mù tán, wọn a máa ju páálí náà mọ́ ara ògiri láti mọ ẹni tí yóò jẹ ti ẹnìkejì rẹ̀. Wọn a sì máa há a mọ́ àárín wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere wọn kí ó lè máa dún bí alùpùpù. Nígbà tí wọ́n bá dàgbà tí wọ́n sì kúrò nílé, àwọn ìyá wọn a gbá èyí tí ó kù dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ní ọjà gbàǹjo kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan náà, ẹnìkan san 12,600,000 dọ́là fún ẹyọ kan ṣoṣo nínú irú páálí wọ̀nyí. Kì í ṣe wúrà, kì í ṣe fàdákà, kì í sì í ṣe ilẹ̀ tí ènìyàn lè kọ́ ilé sí. Páálí lásán ni, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí omi lè bà jẹ́, tí ikán sì lè jẹ. Báwo ni ohun tí ọmọdé fi ṣeré, tí ìyá sì gbá dànù, ṣe wá di ohun tí àwọn olówó ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́? Ẹni tí ó bá wá ìdáhùn ìbéèrè yìí rí yóò kọ́ ọgbọ́n púpọ̀ nípa ohun tí a ń pè ní iyì.

Bésíbọ́ọ̀lù ni eré tí àwọn páálí náà ń sọ ìtàn rẹ̀. Ó fi ara jọ kírikẹ́ẹ̀tì àwọn Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì ní í máa kojú ara wọn, ènìyàn mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ kan a ju bọ́ọ̀lù, ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ kejì a fi ọ̀pá gbá a, a sì sáré yí ibùdó mẹ́rin ká kí ó tó lè gba àmì kan fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, eré yìí gbilẹ̀ ní gbogbo ìlú ńlá Amẹ́ríkà, orúkọ àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe sì kàn ká ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì sí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n ní ayé ìgbà náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń gbọ́ òkìkí àwọn akọni wọ̀nyí tí wọn kò sì mọ ojú wọn.

Àwọn oníṣòwò tábà ni ó kọ́kọ́ rí èrè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Páàkẹ́ẹ̀tì sìgá ìgbà náà kò le, àwọn sìgá inú rẹ̀ a sì máa ṣẹ́. Nítorí náà, wọ́n a máa fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí inú rẹ̀ kí ó lè dúró gbọn-in. Ní àwọn ọdún 1880, wọ́n ro ó pé bí àwọn bá fi àwòrán sí ara páálí náà, yóò fa àwọn oníbàárà mọ́ra. Ilé-iṣẹ́ Goodwin ní New York, tí ó ń ta sìgá Old Judge, tẹ àwòrán ọgọ́rọ̀ọ̀rún eléré jáde láàrin ọdún 1886 àti 1890. Inú ilé ayàwòrán ni wọ́n ti ya wọ́n. Wọ́n a so bọ́ọ̀lù rọ̀ sí okùn láti òkè, kí ó lè dà bí ẹni pé bọ́ọ̀lù ń fò bọ̀ lójú òfuurufú. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí iye àwòrán tirẹ̀ pé, kò gbọdọ̀ dẹ́kun ríra sìgá.

Nígbà tí ó yá, àwọn oníṣòwò ṣingọ́ọ̀mù gba ọgbọ́n náà, ọmọdé ni wọ́n sì dojú tiwọn kọ. Ní ọdún 1933, ilé-iṣẹ́ Goudey ní ìlú Boston to káàdì 240 ní ẹsẹẹsẹ, ó sì kọ nọ́ḿbà sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọdé ra ṣingọ́ọ̀mù títí, wọ́n wá nọ́ḿbà 106 tì. Kò lè ṣeé rí, nítorí pé ilé-iṣẹ́ náà kò tẹ̀ ẹ́ rárá. Nígbà tí àwọn kan kọ lẹ́tà láti fi ẹ̀dùn ọkàn wọn hàn ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1934, tí wọ́n fi àwòrán Napoleon Lajoie sí i, tí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n kọ̀wé. Lónìí, nọ́ḿbà 106 yìí wà lára àwọn káàdì tí ó ṣọ̀wọ́n jù lọ nínú gbogbo èyí tí ó bá ṣingọ́ọ̀mù wá. Ohun tí wọ́n fi tan ọmọdé jẹ ni ó padà di ìṣúra.

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Orí ààrò mẹ́ta náà ni iyì káàdì àtijọ́ jókòó lé. Ti àkọ́kọ́ ni òkìkí ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lára káàdì. Ti èkejì ni pé kí káàdì náà ṣọ̀wọ́n. Ti ẹ̀kẹta ni pé kí ara rẹ̀ dá ṣáṣá bí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkòkò a máa mì.

Kò sí alákòójọ káàdì kan tí kò mọ ìtàn Honus Wagner, nítorí pé òun ni àpẹẹrẹ tí ó fi ààrò kìíní àti èkejì hàn kedere. Ẹgbẹ́ Pittsburgh Pirates ni Wagner ti ṣeré jù lọ. Ìgbà mẹ́jọ ni ó gba ipò kìíní nínú líìgì rẹ̀ ní ti gbígbá bọ́ọ̀lù, nígbà tí wọ́n sì kọ́kọ́ yan àwọn akọni eré náà sí ilé ọlá ní ọdún 1936, ó wà lára àwọn márùn-ún àkọ́kọ́. Láàrin ọdún 1909 àti 1911, American Tobacco Company tẹ oríṣìíríṣìí káàdì tí ó lé ní 500. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ti Wagner pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi dá a dúró, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ sí i. Àwọn kan sọ pé kò fẹ́ kí àwọn ọmọdé máa ra tábà nítorí àwòrán òun; àwọn mìíràn sọ pé owó àwòrán náà ni ó ń béèrè tí wọn kò san. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, káàdì Wagner tí a mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù ní gbogbo ayé kò ju nǹkan bí ọgọ́ta lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, wọ́n ta ọ̀kan ní 7,250,000 dọ́là. Ní ọdún yẹn kan náà, òmíràn tí apá kan rẹ̀ ti ya lọ pátápátá tà ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Bí ohun kan bá ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀, àfọ́kù rẹ̀ pàápàá di ohun tí a ń fi owó ńlá rà.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ mú ètò bá ọ̀rọ̀ káàdì kì í ṣe olówó. Jefferson Burdick ni orúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ni ní ilé-iṣẹ́ ohun èlò iná mànàmáná ní ìlú Syracuse ní ìpínlẹ̀ New York. Kò ní ìyàwó, kò bí ọmọ, àìsàn oríkèé ara sì ń dà á láàmú. Ní ọdún 1939, ó tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó ti pín gbogbo káàdì tí ó mọ̀ sí ìsọ̀rí, tí ó sì fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀. T206 ni àmì tí ó fún ìsọ̀rí tí káàdì Wagner wà, orúkọ náà ni gbogbo ayé sì ń pè é títí di òní. Ní àwọn ọdún 1930 yẹn, 50 dọ́là ni iye tí ó kọ fún káàdì Wagner, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù kò tó dọ́là kan. Burdick kò ta ohun tí ó kó jọ. Ó fi gbogbo rẹ̀, tí ó lé ní 300,000, ta Metropolitan Museum of Art ní New York lọ́rẹ. Ó kó lọ sí ìlú náà, ó sì ń fi ọwọ́ tí àìsàn ti sọ di líle lẹ àwọn káàdì náà mọ́ inú ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1963 ni ó parí iṣẹ́ náà. Ní oṣù kẹta ni ó kú.

Káàdì olówó gọbọi tí a mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni ti Mickey Mantle, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká eléré ẹgbẹ́ New York Yankees. Ilé-iṣẹ́ Topps ní Brooklyn ni ó tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1952. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kan, Sy Berger, ni ó ṣe ètò bí àwọn káàdì ọdún náà yóò ti rí, orí tábìlì ìdáná ilé rẹ̀ ni ó sì ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Káàdì 407 ni wọ́n tẹ̀ lápapọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kó gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ḿbà 311, èyí tí í ṣe ti Mantle, ni ó bẹ̀rẹ̀ ìpín ìkẹyìn. Nígbà tí ìpín yìí dé ọjà, àsìkò bésíbọ́ọ̀lù ti ń parí lọ, àwọn ọmọdé ti padà sí ilé-ìwé, àwọn oníṣọ̀ kò sì fẹ́ rà á mọ́. Káàdì kún ilé ìkẹ́rùsí Topps bámúbámú fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Gẹ́gẹ́ bí Berger fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ lẹ́yìn náà, ó gbìyànjú láti ta wọ́n ní ọ̀pọ̀, kò rí ẹni rà á. Ní ọdún 1960, wọ́n kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún àpótí káàdì náà sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n wà á lọ sí ojú òkun Àtìláńtíìkì, wọ́n sì dà wọ́n sómi. Kò sí ẹni tí ó sunkún nítorí rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí ó rì sí ìsàlẹ̀ òkun ni ó fi kún iye owó ìwọ̀nba tí ó kù lórí ilẹ̀. Ẹni tí ó ni káàdì Mantle tí wọ́n tà ní 12,600,000 dọ́là yìí rà á ní 50,000 dọ́là ní ọdún 1991. Títí di ọjọ́ tí ó tà á ní ọdún 2022, kò sí káàdì eré ìdárayá kankan tí ó tíì mú owó tó bẹ́ẹ̀ wọlé rí.

Níbi yìí ni ààrò kẹta ti wọlé. Káàdì Mantle ti ọdún 1952 kò ṣọ̀wọ́n tó ti Wagner. Èyí tí ó kù pọ̀ jù ú lọ dáadáa. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni èyí tí ọwọ́ ọmọdé kò bà jẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yẹ káàdì wò finnífinní. Wọ́n a wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ó ṣì mú. Wọ́n a wo etí rẹ̀ bóyá kò họ. Wọ́n a wo àwòrán náà bóyá àárín gan-an ni ó wà. Wọ́n a wá ojú ìṣẹ́po, àbàwọ́n ṣingọ́ọ̀mù àti àmì oòrùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n a fún un ní máàkì láti orí 1 dé orí 10, wọ́n a sì fi ike líle dé e mọ́ inú kí ọwọ́ má baà kàn án mọ́. Máàkì 9.5 ni káàdì olówó gọbọi náà gbà. Bí ó bá ṣe pé ó ti ṣẹ́ po, tí igun rẹ̀ sì ti rọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọn ìbá máa sọ, wọn kì bá tí sọ̀rọ̀ mílíọ̀nù.

Níwọ̀n bí fọ́nrán irun lásán ti lè ya mílíọ̀nù kúrò lára ẹgbẹ̀rún báyìí, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún àwọn oníjìbìtì. Káàdì Wagner kan wà tí òkìkí rẹ̀ ju ti gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí pé igun àti etí rẹ̀ mú bí ẹni pé àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1991, Wayne Gretzky, akọni eré họ́kì orí yìnyín, àti alábàáṣe rẹ̀ kan rà á ní 451,000 dọ́là. Ní ọdún 2007, ó yí padà sí ọwọ́ ẹlòmíràn ní 2,800,000 dọ́là. Àwọn ènìyàn ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ tipẹ́. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọdún 2013, oníṣòwò tí ó ti ta káàdì náà ní àwọn ọdún 1980 jẹ́wọ́ ní ilé-ẹjọ́ ní Chicago pé òun ni òun gé etí rẹ̀ kí ó lè dán. Ní ọdún 2015, wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù ogún nítorí ẹ̀tàn mìíràn tí ó ṣe nínú òwò gbàǹjo rẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn tí ń ra káàdì kò fi ojú nìkan ra ọjà mọ́. Wọ́n ń béèrè ọwọ́ tí ó ti kọjá.

Òkìkí pẹ̀lú ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò, nítorí pé kì í ṣe gbogbo akọni ni wọ́n gbà láàyè kí àwòrán rẹ̀ wọ inú páàkẹ́ẹ̀tì. Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di ọdún 1947, àwọn líìgì ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Àwọn wọ̀nyí dá líìgì tiwọn sílẹ̀, àwọn ọ̀gá bíi Oscar Charleston àti Josh Gibson sì jáde láàrin wọn. Síbẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ tábà àti ṣingọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ àwòrán wọn. Nígbà òtútù, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa rékọjá sí erékùṣù Cuba, níbi tí dúdú àti funfun ti ń ṣeré pọ̀. Àwọn oníṣìgá ibẹ̀ kò wo àwọ̀. Ọgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n wò. Àwòrán Charleston wà lára àwọn káàdì tí ó bá sìgá Billiken wá ní Cuba ní ọdún 1923 sí 1924. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidigidi lónìí, ẹni tí ó bá sì rí ọ̀kan kò rí ohun ìṣúra nìkan. Ó rí ẹ̀rí pé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí gbé ayé, wọ́n sì ta yọ, nígbà tí ilẹ̀ wọn kò fẹ́ wo ojú wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1947, Jackie Robinson wọ pápá pẹ̀lú ẹgbẹ́ Brooklyn Dodgers, ìlẹ̀kùn náà sì ṣí. Nígbà tí Topps to káàdì rẹ̀ ní ọdún 1952, nọ́ḿbà 312 ni wọ́n fún Robinson, tí ó tẹ̀lé ti Mantle gẹ́lẹ́.

Ó yẹ kí a tún gbọ́ ti àwọn tí wọ́n rò pé àwọn ti gbọ́n. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìròyìn owó tí káàdì àtijọ́ ń mú wọlé ti tàn ká gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í ra káàdì tuntun ní àpótí àpótí. Wọn kò tú u, wọ́n ń tò ó pamọ́ sínú yàrá, wọ́n ní owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọ àwọn nìyẹn. Kò sí ìyá tí ó gbá káàdì dànù mọ́, kò sí ọmọ tí ó há a mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ̀ ẹ́ ń pọ̀ sí i, ẹ̀rọ wọn kò sì sinmi tọ̀sán tòru. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1994, àwọn eléré da iṣẹ́ sílẹ̀, ìdíje àṣekágbá ọdún náà kò sì wáyé mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú kúrò nídìí eré náà, ọjà káàdì sì dojú dé. Nígbà tí àwọn òbí gbé àpótí wọn jáde láti tà á, wọ́n rí i pé gbogbo aládùúgbò ni ó ní irú rẹ̀. Títí di òní, púpọ̀ nínú káàdì ìgbà náà kò tó iye tí wọ́n fi rà á. Ohun tí gbogbo ayé bá kó pamọ́ kò lè ṣọ̀wọ́n láéláé.

Nípa báyìí, ó hàn gbangba pé kì í ṣe ara páálí ni iyì wà. Iyì káàdì àtijọ́ ń bẹ nínú ìrántí àwọn tí wọ́n wo eré náà, nínú iye èyí tí ó ti ṣègbé, àti nínú òtítọ́ ẹni tí ń tà á. Àwọn tí ó ra káàdì nítorí owó ní ọjọ́ ìkánjú ni owó náà sá fún. Burdick, tí kò wá owó rárá, ni gbogbo ọjà náà ń lo ọgbọ́n rẹ̀ títí di òní. Ohun tí a ní ni à ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èpo igi. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ohun kan dé ibi pé ó tọ́jú rẹ̀ nígbà tí kò tíì níye lórí, òun ni ó ń bá àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn pa á mọ́.